Ọ̀rọ̀ tí Bíńtín Kò Gbọ́

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ìbà, tí ẹ bèèrè Bàbá Alájá, wọ́n á nawọ́ sí ilé mi kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ yín. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ ẹ pẹ́ débi pé bí wọ́n bá fi orúkọ gidi pè mí ní mọ́sáláṣí, ẹ̀yìn ni mo máa ń wò, kí n rí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ajá ni mo fi jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí orúnkún mi fi kọ̀ fún mi. Mò ń kọ́ ajá ní bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́lé, bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́, àti ibi tí wọ́n máa sùn sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, obìnrin, ń rò ó bóyá kí òun náà ṣe iṣẹ́ yìí. Òun ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti fẹ́ kọ̀ fún un. Àmọ́ lóṣù tó kọjá ni Màmá Tíṣà wá sílé mi, ó gbé ọmọ ajá kan dání, ó ní, “Bàbá Alájá, ṣé kí n jẹ́ kí èyí máa sùn níta kéèjì lálẹ́?” Kéèjì ni ilé onírin tí a máa ń ti ajá mọ́. Ìbéèrè yẹn gan-an ni obìnrin yìí bi mí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn lórí ajá mìíràn. Mo dá a lóhùn nígbà náà bí ọ̀gá tó mọ ohun gbogbo, ajá náà sì kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí wa, kí bàbá mi tó kó wa wá sí Lagos. Bàbá mi ń ta àlùbọ́sà, èmi ni mo ń bá a ru àpò láti ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Lọ́jọ́ kan, mo gbé àpò àlùbọ́sà gba iwájú ilé kan kọjá ní Òjó. Géètì ilé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ajá márùn-ún sì dùbúlẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n kọjú sí mi. Mo dúró sójú kan, mo ti ń ka kálímà ìkẹyìn. Kò sí èyí tó mira nínú wọn. Ọkùnrin kan tó jókòó sórí àga ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ló bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, mi ò gbọ́ ohun tó jẹ́, àwọn ajá náà sì tú yáyá jáde. Èmi lọ́tọ̀, àpò lọ́tọ̀, àlùbọ́sà yí kiri gbogbo títì. Nígbà tí wọ́n bá mi ṣà á tán, mo bi ọkùnrin náà bóyá ó lè kọ́ mi.

Ọ̀gá Sójà là ń pè é. Ọmọ Òjó ni, Àwórì pọ́ńbélé, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ nípa ajá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ìmàle ni ọ́, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O sì fẹ́ fọwọ́ kan ajá? Lọ béèrè nílé yín kó o tó padà wá.”

Mo béèrè nílé, bàbá mi ò sì dá mi lóhùn. Oṣù kan gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju “gbé eléyìí” àti “gbé tọ̀hún” lọ. Alùfáà àdúgbò ló bá wa dá sí i. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kéèyàn kọ́ ajá tó ń ṣọ́lé, pé itọ́ rẹ̀ ni kí n máa ṣọ́ra fún. Ibi tó bá kàn, kí n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀. Bàbá mi ní ó dáa, àmọ́ kí n má gbé aṣọ ajá wọ yàrá òun. Títí dòní ni garawa omi àti agolo iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn géètì mi. Ìyá Kúdí, ìyàwó mi, ló ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, á ní kí n padà.

Ẹ má bi mí ní iye tí wọ́n ń san fún wa nígbà náà, kò tó nǹkan tí à ń sọ. Oúnjẹ wà, ìyẹn ló ṣe pàtàkì. Ọdún kìíní, mi ò fọwọ́ kan ajá kankan. Abọ́ ni mò ń fọ̀, ìgbẹ́ ni mò ń kó. Ọ̀gá ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe kéèjì ní àgò. “Adìẹ ló ń gbé inú àgò,” á sọ bẹ́ẹ̀, á sì ní kó o lọ tún gbogbo ọgbà gbá. Nígbà yẹn, kéèjì wa kò tíì jẹ́ irin. Pákó tí wọ́n fi di ẹrù wá sí Alábà la kàn pọ̀, a dá ihò sí i lára kí atẹ́gùn lè wọlé.

Lọ́jọ́ kan ni Ọ̀gá ní kí n wọ inú kéèjì lọ. Mo rò pé ó fẹ́ kí n gbá a ni. Ó ní rárá, kí n wọlé kí n jókòó, kí n má sì jáde títí òun yóò fi sọ ọ̀rọ̀. Mo ká jọ síbẹ̀, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi. Kò ti ilẹ̀kùn. Oòrùn wà lórí fàráńdà nígbà tí mo wọlé, nígbà tó fi máa dé ìdí kànga, gbogbo ẹsẹ̀ mi ti kú. Làmídì, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, kọjá, ó ní, “Wá jẹun, jàre, Ọ̀gá ti jáde.” Mo bẹ́ sóde.

Ọ̀gá ò lọ síbì kankan. Ẹ̀yìn ilé ló dúró sí.

“Ta ló ní kó o jáde?”

“Làmídì ni, sà.”

“Ṣé o gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu Làmídì?”

Mo padà wọlé. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó tú mi sílẹ̀. Nígbà tí mo ń na ẹsẹ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ṣàlàyé. Ó ní olè lè ṣí kéèjì, olè lè ju ẹran sílẹ̀, olè tiẹ̀ lè mọ orúkọ ajá. Ohun kan ṣoṣo tí olè ò ní ni ọ̀rọ̀ tí à ń fi tú ajá sílẹ̀. Ajá tó bá ń jáde láìgbọ́ ọ, inú ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn la máa wá a lọ. Ó ní òun fẹ́ kí n mọ bí ó ṣe rí lára ajá, kí n má bàa rò pé nǹkan kékeré ni mò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo gba fúríídọ̀ọ̀mù, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n pín bisikíìtì. Ọ̀gá wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ẹnu sí mi létí, ó sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, tirẹ̀ ni. Ó ní, “Ìwọ náà wá tìrẹ. Má mú ‘wá’, má mú ‘ó yá’. Gbogbo Lagos ló ń pariwo ‘ó yá’ láti àárọ̀ dalẹ́. Mú ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣèèṣì sọ. Má sì fún oníbàárà títí tí ìwọ àti ajá rẹ̀ yóò fi parí, nítorí wọ́n á sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ á fi ṣeré, ó bàjẹ́ nìyẹn.” Mo gbà. Mo mú ọ̀rọ̀ tèmi, mo sì pa òfin náà mọ́ fún bí ogún ọdún. Bí mo bá parí ajá kan, màá lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, màá sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí bí ẹni ń fọmọ fún ọkọ. Inú mi máa ń dùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi náà ti di ẹnì kan.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Kéèjì pákó lọ, àwọn wẹ́dà Okokomaiko bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ṣe é, ó wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí wọ́n ń ká bí àpótí ẹrù dé láti Alábà. Okùn tí a ń gé láti ara tíúbù kẹ̀kẹ́ nígbà kan ti di bẹ́líìtì aláràbarà. Lókà la fi bẹ̀rẹ̀, ajá ilé wa tí gbogbo ayé mọ̀, kó tó di pé àwọn olówó ń kó Jámánì àti Rọ́tì wá. Ní báyìí, kámẹ́rà ló wà lára ògiri. Oníbàárà mi kan wà nílùú òyìnbó tó ń bá ajá rẹ̀ ní Ọ̀tọ̀-Àwórì sọ̀rọ̀ láti inú kámẹ́rà. “Sit! Bruno, sit!” Bruno á wo ògiri, á lọ síbẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á tọ̀ sí i. Ọkùnrin náà pè mí, ó ní mi ò kọ́ ajá òun dáadáa. Mo ní ajá ò tíì rí ògiri tó ń sọ̀rọ̀ rí ni.

Màmá Tíṣà ní tirẹ̀, opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Igbó-Elérin ló ń gbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ tán. Ẹnì kan fún un ní ọmọ ajá kan tó kéré tó wọ inú àwo, ló bá sọ ọ́ ní Bíńtín. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, Bíńtín ti ga tó tábìlì. Mo gbà á fún ẹ̀kọ́. Mo máa ń lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo ti kọ́ ajá níṣẹ́, mi ò rí èyí tó gbọ́ràn bíi Bíńtín rí. Bí mo bá ṣí kéèjì tí mi ò sọ̀rọ̀, ó lè jókòó síbẹ̀ kó máa wò mí títí màá fi mu tíì tán.

Kéèjì rẹ̀ wà nínú kíṣíìnì, lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ kan ni Màmá Tíṣà bi mí ní ìbéèrè yẹn.

“Bàbá, ajá yìí ò ba nǹkan kan jẹ́. Ṣé kò lè máa sùn níta kéèjì ni? Kó wá sùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé ńlá yìí.”

“Rárá o, Màmá. Kò tíì tó àkókò. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Ẹ má ṣí i lálẹ́.”

“Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi nígbà náà, bóyá nǹkan á ṣẹlẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ̀yin náà kì í fún ọmọ iléèwé ní ìdáhùn kó tó ṣe ìdánwò.” Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí títí dòní pé mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, òjò kan bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, kò dá. Mo ti sùn kí fóònù mi tó dún.

“Bàbá Alájá, omi ti wọlé. Mo ti ṣí kéèjì, Bíńtín ò jáde.”

“Ẹ ṣí i kẹ̀? Màmá, ṣé mi ò sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má ṣí i lálẹ́ ni?”

“Ẹ gbọ́ mi ná. Omi ti dé orúnkún mi. Mo ní ‘wá’, mo ní ‘come’, mo ní ‘jáde’, ó kàn ń wò mí ni. Kí ni kí n sọ fún un?”

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dé ibẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ sínú fóònù, ajá náà fúnra rẹ̀ ì bá gbọ́ ohùn mi. Àmọ́ inú ń bí mi. Mo rò pé ṣe ni Màmá fẹ́ rí àyè mú ajá wọ yàrá, àti pé omi orúnkún kì í ṣe nǹkan tuntun ní àdúgbò wọn. Mo tún rántí òfin Ọ̀gá. Ni mo bá ní, “Ẹ dúró síbẹ̀, Màmá. Mò ń bọ̀.” Mo pa fóònù.

Ẹ̀yin náà mọ ‘mò ń bọ̀’ yẹn. Ẹni tó ń kúrò níwájú wa ń sọ ọ́, ẹni tí kò tíì wẹ̀ ń sọ ọ́. Èmi náà sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo fi wọ ṣòkòtò tán, ara mi ò balẹ̀ mọ́, mo pè é padà kí n sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Kò wọlé. Mo pè títí. Kò sí ọ̀kadà tó fẹ́ gbé mi nínú òjò yẹn, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, omi sì ti gba ojú ọ̀nà. Wọ́n ń pe ìrun àsùbáà nígbà tí mo dé Igbó-Elérin.

Àwọn aládùúgbò ti fa Màmá Tíṣà jáde lójú fèrèsé. Wọ́n ní omi ti dé àyà rẹ̀ kó tó gbà kí wọ́n mú òun. Ó ti gbìyànjú láti fa Bíńtín jáde lọ́rùn, àmọ́ ṣe ni ajá náà na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó di ara rẹ̀ mú, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi gbé fíríìjì, ó fi dí ẹnu kéèjì. Bí Bíńtín bá tiẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀kọ́ mi nígbà yẹn, ọ̀nà ò sí mọ́. A tẹ́ òkú Bíńtín sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí omi fà. Màmá Tíṣà jókòó tì í, ìró ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀. Kò bú mi, kò pariwo.

“Bàbá Alájá, kí ni ọ̀rọ̀ náà?”

“Àsàkẹ́ ni, Màmá.”

Ó tẹrí ba sí etí ajá náà. “Àsàkẹ́.” Ó dúró díẹ̀. “Àsàkẹ́.” Ó wá wo ojú mi. “Orúkọ èèyàn ni.”

“Oríkì ìyá mi ni.”

“Orúkọ tó rọrùn báyìí,” ó sọ bẹ́ẹ̀.

Mo sunkún lójú gbogbo èèyàn. Ojú tì mí dé egungun. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin ín sí. Nígbà tí mo délé, mo dúró nídìí garawa mi, mo ń fọwọ́, mo ń fọwọ́, mi ò kà á mọ́. Ìyá Kúdí ló gba agolo lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ọwọ́ yín ti mọ́. Ẹnu yín ni kẹ́ ẹ gbé lọ tọrọ àforíjì.” Mo lọ. Màmá Tíṣà gbé omi fún mi, mo mu. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, kò sì lé mi jáde.

Mo tún lọ bá Ọ̀gá Sójà. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo ro ẹjọ́ náà fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní, “Nítorí olè ni mo ṣe kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ronú kan omi.” Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ kìíní ni mo ń fún oníbàárà ní ọ̀rọ̀, mo sì ń kọ ọ́ sára ògiri lókè kéèjì, kí ẹni tó bá kàn lè kà á. Bí àwọn ọmọ bá fi ṣeré tó bàjẹ́, a ó wá òmíràn.

Ọ̀nà tí ajá kékeré fi ń sùn níta kéèjì náà, mo kọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa lo alẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí, kí ẹní rẹ̀ wà níwájú kéèjì. Ẹ mú un jáde lọ tọ̀ kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ kó bàtà, wáyà àti oògùn eku kúrò nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó sùn sínú ọgbà, nítorí àwọn olè máa ń ju ẹran onímájèlé wọlé. Bó bá ba nǹkan jẹ́, ẹ padà sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo kọ̀ fún Bíńtín nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí Màmá Tíṣà gbé ọmọ ajá tuntun wá lóṣù tó kọjá, mo ti fẹ̀yìn tì, mo lè ní kó lọ bá ẹlòmíràn. Àmọ́ mo ní, “Ẹ jẹ́ kó sùn níta, Màmá. Láti alẹ́ òní lọ.” Mo sọ gbogbo ètò náà fún un. Mo bi í ní orúkọ ajá náà.

“Jáde,” ó ní.

Mo dìde lórí àga, mo rò pé ó ń lé mi jáde nínú ilé ara mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Orúkọ rẹ̀ ni. Jáde ni mo sọ ọ́. Ẹni tó bá ti pè é, ó ti ní kó jáde nìyẹn. Kò ní sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.”

Mo fi ọwọ́ pa ajá náà lórí. Ìyá Kúdí ti lọ gbé garawa.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, Jáde jẹ èèpo ìwé orin Màmá Tíṣà, ó jẹ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ẹsẹ̀ kan. A padà sẹ́yìn, a tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá rọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè sùn. Mo mú fóònù, mo pe Màmá Tíṣà.

“Ṣé omi ti wọlé?”

“Omi ò wọlé, Bàbá. Ẹ lọ sùn.”

“Ajá ńkọ́?”

“Ó wà lẹ́nu ọ̀nà mi níbí, ó ń hanrun. Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ? Ẹ pè é fúnra yín. Mo ti gbé fóònù sílẹ̀ fún un.”

Mo pè é. “Jáde!”

Mo gbọ́ ìró èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí táìlì, ó ń sáré bọ̀.